Bí Ẹyẹ àti Èèrà Ṣe Ń Dáàbò Bo Ọmọ Wọn ní Èkó: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè kan náà ni àwọn ará àdúgbò, àwọn òbí àti àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Yàbá àti Ẹ̀bútè Mẹ́tta máa ń bi mí léraléra, pàápàá nígbà òjò. Mo kó wọn jọ síbí pẹ̀lú ìdáhùn wọn. Èyí tó rọrùn ló ṣíwájú, èyí tó nípọn ló kẹ́yìn.

Kí ló dé tí òròmọdìyẹ fi ń rìn lọ́jọ́ tó bá jáde nínú ẹyin, tí ọmọ ẹyẹlé sì wà níhòòhò tí kò lè dá nǹkan kan ṣe?

Ọmọ adìyẹ, ti pẹ́pẹ́yẹ àti ti ẹtù máa ń gbó dáadáa nínú ẹyin kí wọ́n tó jáde. Ọjọ́ 21 ni adìyẹ fi ń sàba, nígbà tí òròmọdìyẹ bá sì fọ́ ẹyin rẹ̀, ojú rẹ̀ ti là, irun múlọ́múlọ́ ti bò ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti lè gbé e. Kí ó tó jáde ni ìyókù pupa ẹyin ti wọ inú ikùn rẹ̀ lọ, oúnjẹ yìí ló sì ń gbé e ró fún bí ọjọ́ méjì. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ta òròmọdìyẹ fi lè kó wọn sínú páálí láti ìlú kan dé èkejì láìfún wọn lóúnjẹ, tí wọn kò sì ní kú.

Ẹyẹlé àti ẹ̀gà kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ọjọ́ 12 ni ẹ̀gà fi ń sàba, ẹyẹlé ń lo ọjọ́ 17 tàbí 18, ọmọ wọn sì máa ń jáde ní ojú dídì, tí kò lè mú ara rẹ̀ móoru. Iṣẹ́ tí ìyá adìyẹ ti fi sínú ẹyin ni àwọn òbí wọ̀nyí ń ṣe lẹ́yìn tí ọmọ ti jáde.

Ṣé inú ìtẹ́ ni ẹyẹ ń sùn?

Rárá, fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Orí ẹ̀ka igi ni wọ́n ń sùn, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń rí àwọn lékèélékèé tí wọ́n ń wọ́ lọ sórí igi létí ọ̀sà ní Àkọkà nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ibi ìsàba àti ibùsùn ọmọ ni ìtẹ́ jẹ́, nígbà tí ọmọ bá sì ti fò, ọ̀pọ̀ òbí kì í padà síbẹ̀ mọ́.

Àwọn àgbà ní alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kọ́lé rẹ̀ tán, ó kọjú rẹ̀ sódò, kò kan omi, kò kan òkè. Ẹni tó bá gbójú sókè lábẹ́ afárá ní Èkó yóò rí ohun tí wọ́n ń sọ. Oríṣi kan nínú wọn, èyí tí ìdí rẹ̀ funfun, máa ń fi itọ́ ẹnu ara rẹ̀ lẹ ìyẹ́ àti koríko gbígbẹ pọ̀ mọ́ kọnkéré. Ológbò kò lè dé ibẹ̀, ejò kò lè gùn ún, òjò kò sì lè pa ọmọ inú rẹ̀.

Kí ni ẹ̀gà ń wá lórí igi àgbọn wa tí wọ́n fi ń ya gbogbo imọ̀ rẹ̀ jánnajànna?

Igi ìkọ́lé ni wọ́n ń kó. Akọ ẹ̀gà ló ń kọ́ ìtẹ́. Á fi ẹnu gé etí imọ̀ díẹ̀, á dì í mú, á fò, ewé náà á sì ya gẹ́gẹ́ bí okùn tó gùn. Ó máa ń lo ewé tútù nìkan, nítorí ewé tó ti gbẹ kò ṣeé hun. Àǹfààní kan tún wà nínú yíya tí wọ́n ń ya imọ̀ náà: nígbà tí ewé bá ti tán lára igi, ejò tàbí ẹyẹ apẹran kò ní ibi tí yóò ti sápamọ́ súnmọ́ ìtẹ́.

Nígbà tí akọ bá hun ìtẹ́ tán, á rọ̀ sódì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, á máa gbọn ìyẹ́, á máa ké sí abo. Abo á wọlé wá wò ó. Mo ti jókòó sábẹ́ àgbọn kan ní Ẹ̀bútè Mẹ́tta ní òwúrọ̀ kan, mo ń wo abo kan tó wọ inú ìtẹ́ tí àwọ̀ ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ó fi ẹnu fa okùn ewé kan lẹ́ẹ̀mẹta, ó yọ orí síta, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ìtẹ́ tí abo kọ̀ bá ti gbẹ di àwọ̀ búráùn, akọ fúnra rẹ̀ ni yóò tú u palẹ̀, tí yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe atẹ́gùn tàbí ọwọ́ ayé ló ń já gbogbo ìtẹ́ tí ẹ ń rí nílẹ̀ lábẹ́ igi.

Ẹ wo ibi tí wọ́n so ó mọ́: orí ẹ̀ka tó tín-ín-rín, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì dojú kọ ilẹ̀. Ejò tó bá wúwo yóò fì dirodiro. Ariwo tí wọ́n ń pa náà kì í ṣe ariwo lásán, nítorí níbi tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú bá wà, kò sí bí ọ̀tá ṣe lè wọlé kí ẹnikẹ́ni má rí i. Ó máa ń dùn mí nígbà tí mo bá rí i tí wọ́n gé irú igi bẹ́ẹ̀ lulẹ̀ ní àárín ìgbà ìsàba nítorí ariwo. Bí ẹ bá fẹ́ gé e, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró kí àwọn ọmọ tó fò. Kò ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i lọ fún àwọn tó ti jáde nínú ẹyin.

Ṣé bàbá ẹyẹ máa ń tọ́ ọmọ?

Ó yàtọ̀ láti ẹyẹ dé ẹyẹ. Àkùkọ kì í bá adìyẹ sàba, kì í sì í kó ọmọ rìn. Ẹyẹlé ńkọ́? Tọkọtaya ló ń ṣe é: akọ ló sábà máa ń jókòó lé ẹyin lọ́sàn-án, abo á gba ipò lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀. Nígbà tí ọmọ bá jáde, àwọn méjèèjì ló ń ní ohun kan tó dà bíi wàrà nínú àpò ọ̀fun wọn, tó nípọn bíi wàràkàṣì tí a rún, òun nìkan ni ọmọ sì ń jẹ ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹyẹ tó ní irú wàrà bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ láyé.

Èyí tó máa ń ya àwọn ọmọdé lẹ́nu jù ni ti àtíòro. Abo á wọ inú ihò igi, wọ́n á fi ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ dí ẹnu ihò náà títí yóò fi ku ojú tóóró tí àgógó ẹnu nìkan lè gbà. Ibẹ̀ ni yóò ti yé, tí yóò ti sàba, akọ á sì máa gbé èso àti kòkòrò wá fún un láti ìta. Bí nǹkan bá ṣe akọ náà, inú ewu ni abo àti ọmọ wà.

Kí ni nǹkan funfun tí ẹyẹ ń fi ẹnu gbé jáde nínú ìtẹ́?

Ìgbẹ́ ọmọ ni. Ìgbẹ́ ọmọ ọ̀pọ̀ ẹyẹ kéékèèké máa ń jáde nínú àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, òbí á gbé e, á lọ jù ú nù sọ́nà jíjìn, kí ìtẹ́ má bàa rùn, kí àmì rẹ̀ má sì fi ọmọ han ọ̀tá.

Báwo ni òròmọdìyẹ ṣe ń mọ̀ pé àwòdì ń bọ̀?

Ìyá wọn ló ń sọ fún wọn. Igbe tí adìyẹ ń ké nígbà tó bá rí ohun tó ń bọ̀ láti òkè yàtọ̀ sí èyí tó ń ké nígbà tó bá rí ológbò tàbí ajá nílẹ̀. Tó bá jẹ́ ti òkè, àwọn ọmọ á sá wọ abẹ́ nǹkan tàbí abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Tó bá jẹ́ ti ilẹ̀, ìyá á na ọrùn sókè, á máa pariwo gbàkẹ̀gbàkẹ̀, á sì dojú kọ ohun náà.

Ọ̀rọ̀ àárín ìyá àti ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹyin tó fọ́. Ní bí ọjọ́ kan ṣáájú, ọmọ á ti máa dún nínú ẹyin, ìyá á sì máa dá a lóhùn. Ẹni tó bá gbé ẹyin tó fẹ́ fọ́ sí etí yóò gbọ́ ọ. Ẹ̀yin tó ń sin adìyẹ nínú ọgbà ní Èkó, níbi tí àwòdì pọ̀ sí, ẹ má ṣe so àgbébọ̀ tó ní ọmọ mọ́lẹ̀ ní gbangba láìsí ohun tí yóò sá sí abẹ́ rẹ̀.

Ọmọ ẹyẹ já bọ́ sínú ọgbà wa. Ṣé kí n gbé e wọlé?

Èyí ni ìbéèrè tí wọ́n bi mí jù, ẹ̀bẹ̀ ni mo sì fi ń dáhùn rẹ̀: ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Bí ìyẹ́ bá ti bò ó, tó lè dúró, tó sì ń ta pọ́ún pọ́ún, kò sọnù. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ máa ń kúrò nínú ìtẹ́ ní ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n fò dáadáa, àwọn òbí wọn sì wà nítòsí tí wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ. Ẹni tó bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wọlé ti jí ọmọ ọlọ́mọ gbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àánú ló ṣe é. Ẹ gbé e sórí ẹ̀ka tó sún mọ́ ilẹ̀, ẹ ti ológbò mọ́lé, ẹ sì kúrò níbẹ̀ kí òbí lè sọ̀ kalẹ̀.

Bí ó bá wà níhòòhò, ẹ dá a padà sínú ìtẹ́ bí ọwọ́ yín bá tó o. Bí ìtẹ́ ti bàjẹ́, ẹ wá apẹ̀rẹ̀ kékeré tí omi lè jò lábẹ́ rẹ̀, ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sínú rẹ̀, ẹ so ó mọ́ igi náà, kí ẹ sì máa wò ó láti òkèèrè.

Kò sí òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ pé ìyá ẹyẹ yóò kọ ọmọ rẹ̀ nítorí òórùn ọwọ́ èèyàn. Ohun tó ń lé òbí ni kí èèyàn dúró síbẹ̀ pẹ́. Ẹ má ṣe da omi sí i lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà èémí rẹ̀. Ẹ má fún un ní búrẹ́dì àti mílíìkì, nítorí ikùn ẹyẹ kò lè lọ mílíìkì, ẹyẹ tó sì ń jẹ hóró bí ẹ̀gà gan-an, kòkòrò ló kọ́kọ́ ń fi bọ́ ọmọ rẹ̀.

Kí ló dé tí kannakánná kan ń fò kọlu orí èèyàn ní àdúgbò wa?

Ọmọ rẹ̀ wà nítòsí, bóyá lórí òpó iná tàbí lórí igi gíga kan. Ẹ gba ọ̀nà mìíràn fún ọjọ́ díẹ̀. Tí ọmọ bá ti fò, yóò dáwọ́ dúró.

Ṣé ẹyin ni àwọn nǹkan funfun tí èèrà ń gbé sáré nígbà tí a bá ṣí òkúta tàbí ìkòkò òdòdó?

Ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ ẹyin. Ẹyin èèrà kéré débi pé ojú lásán kò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹyọ kan. Nígbà tó bá fọ́, ìdin ló ń jáde, tí kò ní ẹsẹ̀, tí kò ní ojú, tí kò sì lè lọ síbì kan. Ìdin á dàgbà, á dẹ́kun oúnjẹ jíjẹ, á sì dúró gbọin láti paradà; lára àwọn ìran kan, á kọ́kọ́ fi òwú hun àpò bo ara rẹ̀. Àpò yìí tàbí ọmọ tó ń paradà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ẹyin èèrà. Èèrà tó bá jáde níkẹyìn ti tó bó ṣe máa tó. Èèrà kékeré kì í ṣe ọmọ èèrà ńlá.

Ta ló ń tọ́ ọmọ èèrà? Ṣé ayaba ni?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ nìkan. Lára ọ̀pọ̀ ìran èèrà, ayaba tuntun á fò kí akọ lè gùn ún, á já ìyẹ́ ara rẹ̀ dànù, á gbẹ́ ihò, á sì ti ara rẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Kò ní jáde wá oúnjẹ. Iṣan tó fi ń fò, tí kò wúlò fún un mọ́, ni ara rẹ̀ máa ń yọ́ di oúnjẹ fún àwọn ọmọ àkọ́kọ́. Mi ò tíì gbọ́ nǹkan ìyá kan tó wọ̀ mí lọ́kàn tó èyí.

Nígbà tí àwọn àkọ́bí yẹn bá ti dàgbà, iṣẹ́ ayaba kò ju kó máa yé lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n obìnrin ló ń tọ́ àbúrò, nítorí abo ni gbogbo òṣìṣẹ́ èèrà. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ló sábà máa ń wà nínú ilé tí wọ́n ń lá ìdin mọ́, tí wọ́n ń bọ́ ọ, tí wọ́n sì ń gbé e láti yàrá kan dé èkejì bí ooru àti ọ̀rinrin bá ti ń yí padà. Àwọn àgbà ló ń jáde lọ wá oúnjẹ, níbi tí ikú pọ̀ sí.

Kí ló dé tí èèrà fi ń ya wọ ilé ìdáná wa lẹ́yìn òjò ńlá, tí oògùn kò sì ń ran wọn?

Omi ti ya wọ ilé wọn. Ilẹ̀ Èkó sún mọ́ omi, nígbà tí òjò bá rọ̀ fún wákàtí mélòó kan ní Sùúrùlérè tàbí Ìsàlẹ̀ Èkó, ihò èèrà ló kọ́kọ́ ń kún. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ wo ìlà tó ń gun ògiri náà dáadáa: ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé nǹkan funfun kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ara wọn tóbi, wọ́n gbé e sókè kúrò lára táìlì tó tutù, wọn kò sì ní jù ú sílẹ̀ bí ẹ tilẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí wọn. Ọmọ ni wọ́n ń gbé sá.

Ní ti oògùn, èèrà pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ́pẹ́ aláwọ̀ iyùn tó ń wọ inú ṣúgà ní ayaba púpọ̀ nínú ilé kan. Bí ẹ bá fín òtápíápíá sí wọn, àwọn tó kù á gbé ìdin, wọ́n á tẹ̀ lé ayaba kan tàbí méjì, wọ́n á sì pín sí ibùdó tuntun lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù àti nínú ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ibi kan á wá di ibi márùn-ún. Ó sàn kí ẹ nu ipa ọ̀nà wọn pẹ̀lú ọṣẹ, kí ẹ bo oúnjẹ, kí ẹ sì dí ojú ihò.

Báwo ni èèrà pupa orí igi máńgòrò ṣe ń lẹ ewé pọ̀ di ilé?

Ọmọ wọn ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ á tò sí etí ewé, ọ̀kan á di ìbàdí èkejì mú títí wọn yóò fi gùn bí okùn, wọ́n á sì jọ fa ewé méjì títí wọn yóò fi kan ara wọn. Àwọn mìíràn á lọ gbé ìdin tó ti fẹ́ paradà wá láti ilé mìíràn. Wọ́n á fi ẹnu dì í mú jẹ́jẹ́, wọ́n á máa gbé e lọ gbé e bọ̀ láàrin ewé méjèèjì bí aránṣọ ṣe ń ti abẹ́rẹ́. Òwú tí ìdin bá tu jáde ló ń so ewé pọ̀. Bí ẹ bá já irú ilé bẹ́ẹ̀ tó ti dahoro, ẹ ó rí òwú náà ní ojú ìránpọ̀ rẹ̀, ó funfun, ó sì gbẹ bíi pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Òwú tí ìran mìíràn ń fi hun àpò ìparadà ni ìdin wọ̀nyí fi kọ́lé. Nítorí náà, níhòòhò ni wọ́n ń paradà, ilé náà ló sì di àpò gbogbo wọn. Ẹ wá lè mọ ìdí tí èèrà yìí fi ń bù ni jẹ, tó sì ń tu omi kíkan sí ojú egbò, nígbà tí èèyàn bá gbọn ẹ̀ka. Wọ́n tún ń lé kòkòrò tó ń ba máńgòrò jẹ́, nítorí náà, èmi kì í bá ẹnikẹ́ni dáná sun wọ́n.

Ìjàlọ tí kò ní ilé kan pàtó, ibo ni ó ń gbé ọmọ sí?

Inú ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé ọmọ sí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á sì tún kó lọ nígbà tí oúnjẹ bá tán ní àyíká. Ní ọjọ́ ìkólọ, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á gbé ìdin sábẹ́ ara rẹ̀, láàrin ẹsẹ̀, àwọn ọmọ ogun tó ní orí ńlá á sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì pẹ̀lú ẹnu yíyà. Iṣẹ́ yẹn pọ̀ gan-an, nítorí àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé ayaba ìran ìjàlọ kan ní Áfíríkà lè yé ẹyin mílíọ̀nù mẹ́ta lóṣù. Ní etí Èkó tí igbó ṣì wà, bíi apá Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ẹ má há òròmọdìyẹ mọ́ níbi tí ìjàlọ bá ń kọjá.

Ṣé bí ìkán ṣe ń tọ́ ọmọ náà nìyẹn?

Rárá. Ìkán kì í ṣe èèrà, ìbátan aáyán ni. Ọmọ ìkán kì í ṣe ìdin. Láti ìgbà tó bá jáde nínú ẹyin ló ti ní ẹsẹ̀, tó sì jọ àgbà. Akọ èèrà máa ń kú láìpẹ́ lẹ́yìn tó bá ti gun abo, ṣùgbọ́n ọba ìkán máa ń bá ayaba rẹ̀ gbé fún ọdún púpọ̀, òṣìṣẹ́ wọn sì jẹ́ takọtabo.

Ṣé ẹyẹ mọ ẹyin ara rẹ̀?

Àwọn kan kò mọ̀ ọ́n, wọ́n á sàba lé ohunkóhun tí a bá gbé sábẹ́ wọn. Gbogbo ẹni tó ti fi adìyẹ pa ẹyin pẹ́pẹ́yẹ mọ èyí. Ẹ̀gà ní tirẹ̀ mọ̀ ọ́n, ó sì ní ìdí. Ìbátan ẹlúlùú kan wà, ẹyẹ kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí ewé tútù, tí kì í kọ́ ìtẹ́. Inú ìtẹ́ ẹ̀gà ló máa ń yọ́ yé sí, ọmọ rẹ̀ á sì ti ẹyin tàbí ọmọ onílé jù síta ní ọjọ́ díẹ̀ tó bá jáde. (Ẹlúlùú fúnra rẹ̀ ń kọ́lé, ó sì ń tọ́ ọmọ tirẹ̀.)

Ohun tí ẹ̀gà fi ń gba ara rẹ̀ ni àwọ̀ ẹyin. Abo kan lè máa yé ẹyin funfun, èkejì aláwọ̀ ojú ọ̀run, ẹ̀kẹta èyí tó ní tótòtó, abo kọ̀ọ̀kan kì í sì í yí tirẹ̀ padà. Èyí tí kò bá jọ tirẹ̀, á jù ú nù. Wọ́n kó ẹ̀gà láti Áfíríkà lọ sí erékùṣù tí orílẹ̀-èdè Haiti wà ní ohun tó lé ní 200 ọdún sẹ́yìn, níbi tí ẹyẹ ayọ́yé yìí kò sí. Àwọn onímọ̀ rí i pé ẹyin abo kan àti ti èkejì níbẹ̀ ti wá ń jọra ju ti Áfíríkà lọ.

Ṣé òótọ́ ni pé lékèélékèé lè máa wo ọmọ rẹ̀ kan títí ebi yóò fi pa á kú?

Òótọ́ ni, ó sì ṣòro láti wò. Lékèélékèé máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sàba kí ó tó yé ẹyin rẹ̀ tán, nítorí náà, àwọn ọmọ kì í jáde lọ́jọ́ kan náà. Àkọ́bí á ti lágbára nígbà tí àbíkẹ́yìn bá dé, á máa ṣá a lórí, á sì máa gba oúnjẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òbí kì í là wọ́n níjà. Ní ọdún tí kòkòrò pọ̀, gbogbo wọn lè yè é; ní ọdún tí oúnjẹ wọ́n, àbíkẹ́yìn á kú, àwọn tó kù á sì rí oúnjẹ tó tó wọn fò. Bí òbí bá pín oúnjẹ kékeré náà dọ́gbadọ́gba, gbogbo wọn lè má yè é.

Èèrà tó ń tọ́jú ọmọ tó bẹ́ẹ̀, ṣé ó lè pa ọmọ tó bá ṣàìsàn?

Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí àrùn tí olú tíntìntín ń fà bá wọ ara ọmọ tó ń paradà, òórùn rẹ̀ á yí padà. Àwọn òṣìṣẹ́ á tú àpò rẹ̀, wọ́n á bù ú jẹ, wọ́n á sì tu omi kíkan ara wọn sínú ojú ọgbẹ́ náà. Ọmọ náà á kú, ṣùgbọ́n àrùn náà á kú pẹ̀lú rẹ̀ kí ó tó tàn dé ara àwọn tó kù.

Ṣé ọmọ èèrà wúlò fún àwọn àgbà, àbí ẹrù lásán ni?

Ó wúlò púpọ̀. Ìbàdí èèrà àgbà tín-ín-rín débi pé oúnjẹ líle kò lè gba ibẹ̀ kọjá, omi oúnjẹ nìkan ló lè gbé mì. Lára ọ̀pọ̀ ìran, ìdin ni wọ́n ń gbé ẹran kòkòrò fún. Ìdin á lọ̀ ọ́, á sì pọ omi rẹ̀ padà fún àgbà.

Ti ọmọ tó ń paradà tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ti máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé ó kàn dùbúlẹ̀ síbẹ̀ ni, tí kò jẹ, tí kò mu. Ní 2022, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi hàn pé ó ń sun omi aṣaralóore kan jáde, èyí tí àwọn àgbà ń mu, tí wọ́n sì ń gbé àwọn ìdin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lé e lórí kí àwọn náà lè mu ún. Bí kò bá sí ẹni tó mu omi náà kúrò lára rẹ̀, olú á hù sí i, ọmọ náà á sì kú. Ìdin kékeré tí kò bá rí omi náà mu kì í dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀.